Ta ló ya ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀? Àlàyé lórí Arieh Sharon, àwọn ilé tó kọ́, àti ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí

Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá gbé àwòrán ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ilé kọnkéré tó fẹ̀ lókè tó sì tínrín nísàlẹ̀ bá yọ láàárín igi àti òkè àpáta, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn ará Ísírẹ́lì ló kọ́ ọ, pé ńṣe ni wọ́n gbé àwòrán yunifásítì kan láti ìlú wọn wá lé orí ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn mìíràn á fèsì pé Awólọ́wọ̀ ló ni èrò náà, pé alágbàṣe lásán ni òyìnbó tó ya àwòrán. Àwọn kan tún wà tí wọn yóò dárúkọ Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà ní Jámánì láyé ọjọ́un, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìpàtẹ tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ní ọdún 2024 lórí àwọn ilé ìgbàlódé ilẹ̀ olóoru tún mú kí ọ̀rọ̀ náà rú yọ, nítorí Gánà àti Íńdíà ni ìpàtẹ náà gbájú mọ́ jù, kò sì yani lẹ́nu bí àwọn tó mọ Ifẹ̀ bá ń béèrè ipò tí Ifẹ̀ wà nínú ìtàn yẹn.

Kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé. Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí èèyàn mọ ẹni tí Arieh Sharon jẹ́, irú ilé tó ti kọ́ kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àti ohun tí ìjọba tó wà ní Ìbàdàn nígbà náà ń wá kiri tí wọ́n fi bá a dòwò pọ̀.

## Ta ni Arieh Sharon?

Ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní ìlú Jarosław, ní agbègbè Galicia tó wà lábẹ́ ìjọba Austria àti Hungary nígbà náà, tó ti di ara Pólándì lónìí. Ludwig Kurzmann ni orúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́. Júù ni, nígbà tó sì di ọdún 1920, ó ṣí lọ sí Palẹsitínì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lákòókò yẹn, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ mìíràn da iṣẹ́ pọ̀ ní Gan Shmuel, ọ̀kan nínú àwọn abúlé aláṣepọ̀ tí wọ́n ń pè ní kibbutz, níbi tí kò ti sí ẹni tó ní oko tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oyin ló ń sìn níbẹ̀, kí wọ́n tó wá fi í ṣe alábòójútó kíkọ́ àwọn ilé oko. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ilé kíkọ́ nìyẹn: ilé tí iṣẹ́ wà fún un láti ṣe, tí owó kò sì pọ̀ nídìí rẹ̀.

Ní 1926 ó lọ sí Jámánì, ó sì wọ Bauhaus ní ìlú Dessau. Walter Gropius ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Weimar ní 1919, kó tó kó lọ sí Dessau ní 1925. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni pé kí gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ àti ayàwòrán ilé má ṣe dá iṣẹ́ wọn yà sọ́tọ̀ mọ́, àti pé lílò tí a óò lo nǹkan ni ó yẹ kó sọ bí yóò ṣe rí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá. Hannes Meyer, tó gba ipò olórí lẹ́yìn Gropius ní 1928, tún le ju Gropius lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lójú Meyer, kí a tó fa ìlà kan sórí bébà, ó yẹ kí a ti mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde àti iye ènìyàn tí yóò sùn síbẹ̀. Meyer yìí ni ọ̀gá tí Sharon tẹ̀ lé. Ní 1929, ọdún tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fẹ́ Gunta Stölzl, ọ̀gá ibi ìhunṣọ Bauhaus, tí òun náà lókìkí gidigidi nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́.

## Irú ilé wo ló ti kọ́ kó tó dé Ifẹ̀?

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń ṣìnà, nítorí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú ilé kan ṣoṣo ni Sharon mọ̀ ọ́n kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì jọ ara wọn.

Iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ ṣe ni ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Jámánì ní Bernau, lẹ́bàá Berlin, tí Hannes Meyer àti Hans Wittwer yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ láàárín 1928 sí 1930. Sharon ni Meyer fi sídìí iṣẹ́ náà lórí ilẹ̀. Bíríkì aláwọ̀ yẹ́lò ni ilé náà, ó tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ bó ti wà, yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tò tẹ̀ lé ara wọn lọ sí ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi sún mọ́ igbó. Ìjọba Násì gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 1933.

Nígbà tó padà sí Palẹsitínì ní 1931, Tel Aviv ló jókòó sí, ìlú tí àwọn Júù tó ń sá kúrò ní Yúróòpù ń ya wọ̀ lójoojúmọ́. Ó kọ́ àwọn ilé aláṣepọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Àgbàlá kan ló wà láàárín, tí ewéko àti igi wà nínú rẹ̀, àwọn ilé sì yí i ká, ṣùgbọ́n wọn kò dí i pa. Ó fi àlàfo sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun lè wọlé. Ibi ìfọṣọ, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà nínú ọgbà kan náà. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ ohun tí à ń sọ.

Nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní 1948, ìjọba pè é pé kó wá ṣe olórí ẹ̀ka ìlànà ìlú, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1953. Ètò tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé jáde, tí wọ́n ń pè ní Ètò Sharon títí di òní, ló sọ ibi tí ìlú tuntun, ọ̀nà, ilé iṣẹ́ ńlá àti oko yóò wà jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, lákòókò tí iye àwọn Júù ibẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́ta. Èrò àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí iṣẹ́ yìí rárá. Àwọn tó yìn ín ní kò sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó tètè rí ilé fún àwọn aṣíkiri tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó takò ó rán wa létí pé nǹkan bí 700,000 ará Palẹsitínì ló pàdánù ilé wọn nígbà ogun 1948, pé orí ilẹ̀ àwọn tó sá lọ ni apá kan nínú ètò náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé ìwé ètò kì í ṣe ohun tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìdí tí èyí fi kan Ifẹ̀ ni pé ẹni tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé iṣẹ́ fún ti kúrò ní ayàwòrán ilé lásán. Ó ti bá ìjọba tuntun ṣètò ìlú láti ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun àti Benjamin Idelson dá ọ́fíìsì pọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí jù: Soroka ní Beersheba, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti Ichilov ní Tel Aviv. Àwọn náà ló kọ́ gbọ̀ngàn Churchill ní Technion, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Haifa. Ní 1962, wọ́n fún Sharon ní Ẹ̀bùn Ísírẹ́lì, ẹ̀bùn tí orílẹ̀-èdè náà kà sí jù lọ. Nígbà tó yá, òun àti ọmọ rẹ̀, Eldar, jọ ń ṣiṣẹ́, ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ Ísírẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù sì wà lára ohun tí bàbá àti ọmọ jọ kọ́. Paris ló kú sí ní 1984.

## Kí ló gbé e dé Ilé-Ifẹ̀?

Ìjà lórí yunifásítì ló gbé e dé ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti sọ irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò lẹ́yìn òmìnira, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1960, wọn kò sì dábàá yunifásítì tuntun fún Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí lójú wọn, Ìbàdàn ti wà níbẹ̀. Sanya Onabamiro, ọmọ ìgbìmọ̀ náà, kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rò ni pé ti ìjọba àpapọ̀ ni Ìbàdàn, àwọn òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì tún ń darí ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ẹkùn tó ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ láti 1955 gbọ́dọ̀ ní ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yóò lọ nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Owó kòkó wà lápò ìjọba, ìfẹ́ àtifi hàn pé Ìwọ̀-Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni sì wà lọ́kàn wọn. Ní 1961, wọ́n ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí a tún ibì kan ṣe nínú ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ. Awólọ́wọ̀ ti fi ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ kí 1959 tó parí, Ládòkè Akíntọ́lá ló sì wà lórí àléfà nígbà tí òfin náà jáde. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n nígbà yẹn, èrò náà sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń dárúkọ Awólọ́wọ̀ kò ṣìnà pátápátá. Òun ni ọ̀gá àgbà ọlọ́lá (Chancellor) yunifásítì náà láti 1967 sí 1975, ìjọba àpapọ̀ tó gba yunifásítì náà ní 1975 ló sì fi orúkọ rẹ̀ pè é ní 1987, ní kété tó kú. Ẹlòmíràn tí a kì í sábà dárúkọ ni Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ọọ̀ni náà ni Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1960 sí 1962, orí ilẹ̀ Ifẹ̀ sì ni yunifásítì náà bọ́ sí.

Ọ̀nà tí Ísírẹ́lì gbà wọlé kò ṣòro láti rí. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni orílẹ̀-èdè náà ti ń wá ọ̀rẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó yí i ká kò bá a ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́, omi, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ilé kíkọ́ ni ó fi ń wá wọn. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Solel Boneh, kọngílá ńlá ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Ísírẹ́lì, ti dá ilé iṣẹ́ Nigersol sílẹ̀. Ìjọba Ìbàdàn ní ìdí tirẹ̀ náà: Ísírẹ́lì kò mú Nàìjíríà sìn rí, ó ń pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tuntun bíi tiwọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló sì ni ín. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ ìtàn yìí rí i gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ láàárín ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn ní ìpolówó ọjà àti òṣèlú ilẹ̀ òkèèrè ni, tí a fi aṣọ ìrànlọ́wọ́ bò. Ìwé àdéhùn gba ìtumọ̀ méjèèjì.

Láti 1960 ni Sharon ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí iṣẹ́ náà. Yunifásítì kò dúró dè é: ní 1962 wọ́n ṣí i ní Ìbàdàn, nínú ọgbà tí wọ́n yá lò, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, wúruwùru òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn àti ìfipágbàjọba 1966 sì bá iṣẹ́ náà lẹ́nu. January 1967 ni wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

## Kí ló dé tí àwọn ilé náà fi dà bíi píramíìdì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò?

Ìbéèrè yìí ni àwọn àlejò máa ń kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èsì tí wọ́n sì máa ń gbà jù ni pé ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ kọ́.

Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀ka Ìmọ̀ Ọmọnìyàn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Humanities. Àjà kejì yọ síta ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta yọ ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń fẹ̀ títí dé òkè. Ifẹ̀ kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì láàárín (equator), kò tó ìwọ̀n mẹ́jọ síbẹ̀, nítorí náà láàárín ọ̀sán òkè réré ni oòrùn máa ń wà ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Àjà tó yọ síta ń ṣíji bo ògiri àti fèrèsé tó wà lábẹ́ rẹ̀, òrùlé sì ń ṣíji bo ti òkè pátápátá. Bí òjò bá ń rọ̀, omi kì í rọ́ sára fèrèsé, èèyàn lè ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé nígbà tí òjò ṣì ń dà. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé, ìbòòji òkè kò sì lè dá wọn dúró. Ohun tí a ń ṣe sí èyí ni pé kí a fi ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sì kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn.

Ìsàlẹ̀ ilé wà lórí òpó, ó sì ṣí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń sá òjò. Láti ilé kan sí èkejì, ọ̀nà abòrùlé ló so wọ́n pọ̀, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè rìn jìnnà láàárín ọgbà kí òjò tó rí i. Ilé ìkàwé, ilé iṣẹ́ ìṣàkóso, gbọ̀ngàn ńlá àti àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó jọ sí àárín gbùngbùn, wọ́n sì fi ilé gbígbé àwọn olùkọ́ àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà máa gba àárín ẹ̀kọ́ kọjá.

Ibi tí Ifẹ̀ ti yàtọ̀ sí Ìbàdàn ni èyí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì tó ya Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn 1948, mọ̀ nípa oòrùn àti afẹ́fẹ́ dáadáa. Ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri oníhò, tí wọ́n fi kọnkéré gbẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, bo ojú rẹ̀. Ti Ifẹ̀, ara ilé náà fúnra rẹ̀ ni ìbòòji. Kò sí ohun tí a gbé kọ́ iwájú rẹ̀. Èwo ló dára jù, ọ̀rọ̀ ìyẹn kò tíì tán láàárín àwọn ayàwòrán ilé, ṣùgbọ́n ti Ifẹ̀ gba kọnkéré púpọ̀ àti iṣẹ́ irin tó le, torí gbogbo àjà tó yọ síta yẹn gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú.

Ní ti àwọn tó ní wọ́n fi yunifásítì kan láti Ísírẹ́lì ṣe àwòkọ, kò sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni gbọ̀ngàn ìlú Bat Yam, lẹ́bàá Tel Aviv, tí Alfred Neumann, Zvi Hecker àti Eldar Sharon parí ní 1963, tí òun náà ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Ọmọ Arieh ni Eldar, bàbá àti ọmọ sì jọ ṣe Ifẹ̀. Àwọn tó ń tọ ìdílé ilé yìí máa ń tọ́ka síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo tó dá dúró ni, kì í ṣe yunifásítì.

## Ṣé Sharon nìkan ló ṣe é?

Rárá. Ọ́fíìsì Augustine Egbor, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n jọ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, orúkọ yìí sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí, tó jẹ́ Gíwá láti 1966 sí 1975, ló wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú àárín gbùngbùn ọgbà ń dìde, ilé ìkàwé sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń tẹ irin àti àwọn káfíńtà tó kan pákó tí wọ́n da kọnkéré sí kò sí nínú ìwé kankan. Síbẹ̀, ojú pákó náà ṣì wà lára kọnkéré Ifẹ̀. Ẹni tó bá súnmọ́ ògiri tí wọn kò tíì fi ọ̀dà kùn yóò rí ìlà igi lára rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà náà ni Sharon yà. Àwọn ọ́fíìsì mìíràn náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ilé tuntun sì ń wọlé títí di òní, nítorí náà kí èèyàn tó kan sáárá sí i tàbí kó bú u nítorí ilé kan, ó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín.

Ohun kan tó ṣeé ṣàkíyèsí ni pé ní October 1973, Nàìjíríà já okùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Ísírẹ́lì, kò sì tún un so títí di 1992. Iṣẹ́ Ifẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ dúró.

## Kí ni Yorùbá nínú rẹ̀?

Àwọn tó gbà pé Yorùbá ni ọgbà náà máa ń tọ́ka sí Gbọ̀ngàn Odùduwà, tí wọ́n parí ní àárín àwọn ọdún 1970. Kọnkéré rẹ̀ kò dá bọ̀rọ̀gìdì bíi ti ìyókù: ọnà wà lára ògiri rẹ̀, ibi ìṣeré ìta gbangba sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn òǹwòran lè jókòó yí ká. Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí àwọn àgbàlá tó wà láàárín ilé, wọ́n á ní agbo ilé àti ààfin ni ìyẹn ti wá.

Àwọn tó ń jiyàn sọ pé ẹni tó ti kọ́ ilé alágbàlá ní Tel Aviv ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ààfin hàn án, àti pé ọnà ara ògiri kò sọ ilé di ti ìbílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn wò ó. Lójú tiwọn, ibi tí ọwọ́ Yorùbá wà kì í ṣe nínú ìrísí ilé, bí kò ṣe nínú ohun tí wọ́n ní kí ilé náà ṣe: ẹni tó sanwó, ẹni tó yan ibẹ̀, ẹni tó ní kí a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, eré ìtàgé àti èdè síbẹ̀ nígbà tí yunifásítì púpọ̀ kò tíì kà á sí. Nínú gbogbo èrò tó wà nílẹ̀, èyí ni ìwé àkọsílẹ̀ ti lẹ́yìn jù.

## Kí wá ni ìjà òní dá lé?

Ìtọ́jú ni. Kọnkéré kì í ṣe òkúta. Irin wà nínú rẹ̀, bí omi bá sì rí ihò wọlé, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì fọ́ kọnkéré tó bò ó, débi pé irin á yọ síta. Òrùlé pẹrẹsẹ tí ọ̀nà omi rẹ̀ dí ni ó máa ń kọ́kọ́ fa èyí. Ẹ̀rọ amúlétutù ló tẹ̀ lé e. Ilé tí wọ́n ṣe kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n ti wá dí fèrèsé rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ ara ògiri, omi ẹ̀rọ sì ń ṣàn sára kọnkéré lójoojúmọ́. Bí iná bá lọ, yàrá náà á gbóná ju bó ṣe máa ń rí kí wọ́n tó dí i. Àwọn tó ń lo yàrá náà ní èsì tiwọn: kọ̀ǹpútà, ariwo, eruku ọyẹ́, olè, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí Sharon kò fojú sọ́nà fún. Ìsàlẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ náà ń dun àwọn tó nílò ọ́fíìsì. Ibi tó ṣófo ni wọ́n ń rí, wọ́n sì fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù dí i.

Àwọn tó ń pè fún ìdáàbòbò ní ẹ̀rí kan tó lágbára. Àjọ UNESCO ti fi ilé ẹ̀kọ́ Bernau, tí Sharon bójú tó, kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe. Ìlú Funfun ti Tel Aviv, níbi tí àwọn ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ wà láàárín nǹkan bí 4,000 ilé, ti wọlé láti 2003. Ọgbà yunifásítì ìgbàlódé náà ti wọlé: ti Caracas ní 2000, ti ìlú Mexico ní 2007. Méjì tí Nàìjíríà ní nínú ìwé náà ni Sukur àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kò sì sí ilé ìgbàlódé kankan nínú wọn.

Àwọn tó ń kọminú sí i kò sọ pé ilé náà kò dára. Wọ́n ní yunifásítì kì í ṣe ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé owó tó ń wọlé láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ń wá fún ilé tuntun ju àtúnṣe lọ, àti pé bí wọ́n bá kéde ilé kan ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ilẹ̀kùn kan yóò máa wá ìwé àṣẹ láti Abuja. Àjọ tó ń bójú tó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà ní agbára yẹn lábẹ́ òfin láti 1979. Ṣùgbọ́n agbára orí ìwé ni: Ilojo Bar, ilé tí àwọn ọmọ Aguda, àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, kọ́ sí Tinubu ní Èkó, ti jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ ní September 2016 wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn kan ń dábàá, tí kò gba ìkéde kankan. Wọ́n ní kí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe ìwé ìtọ́jú fún ilé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sọ ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù lè wà, irú ọ̀dà tí a lè kùn, ìgbà tí a óò máa gbá ọ̀nà omi òrùlé, àti apá ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ dí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ilé ìgbàlódé kárí ayé. Ohun tí yóò gbà ni àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹni tó ń tún ilé ṣe lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tí wọ́n wá fi kún un, ìdílé Sharon sì ti kó ọ̀pọ̀ fọ́tò àti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ti Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀, sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.